Ẹ bá mi sọ fún akọ̀wé yín pé dígí kì í ṣe ẹ̀dà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Onífọ́tò ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń ra ìwé ìròyìn yín, ẹ̀yìn ni mo sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, níbi tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo dé ojú ìwé tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, mo sì rí i kà níbẹ̀ pé ẹni tó bá ti ra àpótí RAID, ìyẹn àpótí tí díìsìkì bíi mélòó kan ti ń jọ tọ́jú fáìlì kọ̀ǹpútà, fún iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àníyàn, pé ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀ kò lè sọnù mọ́, àti pé kò tún sí ìdí láti ṣe ẹ̀dà kankan síbòmíràn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka gbólóhùn yẹn. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ìwé ìròyìn ni." Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tí akọ̀wé yín kọ yìí gan-an ni ẹni tó ta àpótí fún mi lọ́dún 2014 fi dá mi lójú. Mo gbà á gbọ́. Ó ná mi lówó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀, torí nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ ra RAID, ó ní ẹ̀fọn ilé wa kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe oògùn ẹ̀fọn là ń wí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin, Redundant, Array, Inexpensive àti Disks, ni wọ́n gé kúrú sí lẹ́tà mẹ́rin. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní Yunifásítì California ní Berkeley, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ló fún un lórúkọ nínú ìwé kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1988. Láyé ìgbà yẹn, owó gọbọi ni wọ́n ń ra díìsìkì ràgàjì tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, bẹ́ẹ̀ díìsìkì kékeré inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti ń dínwó. Wọ́n bá ní, kí ló dé tí a kò kó àwọn kékeré jọ kí wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo náà? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ohun tí lẹ́tà "I" inú rẹ̀ ń wí nígbà náà ni pé díìsìkì náà kò wọ́n. Nígbà tó wá di ọjà, wọ́n yí i padà sí Independent, wọ́n ní ohun tó ń wí ni pé díìsìkì kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè ara rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ọlọ́jà tó fẹ́ kí orúkọ ọjà òun máa kígbe pé pọ́ọ́kú ni òun.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìṣirò tí wọ́n ṣe nínú ìwé kan náà. Bí díìsìkì kan bá ń lo wákàtí 30,000 ní ìpíndọ́gba kó tó kú, tí ẹ bá kó 100 irú rẹ̀ jọ, wákàtí 300 ni kí ẹ máa retí kí ọ̀kan tó kú. Ìyẹn kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọmọ bá pọ̀ nínú ilé, kò ní sí ọ̀sẹ̀ tí ibà kò ní mú ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà "R" fi ṣáájú nínú orúkọ náà: ó ní a gbọ́dọ̀ ní àlékún, ohun tó lé lórí ohun tí a nílò, kí ikú ẹyọ kan má baà dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí ibẹ̀. Ikú díìsìkì ni ọgbọ́n yìí ń bá jà. Kò bá olè jà, kò bá iná jà, kò sì bá ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ jà.

Àpótí àkọ́kọ́ tí mo rà yẹn, díìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀, àyè ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ tẹ́rábáìtì méjì. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó kọ tẹ́rábáìtì mẹ́rin sí mi lójú, inú mi dùn. Ẹni tó gbọ́n ì bá bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí ohun kan náà bá wà lórí méjèèjì, báwo ni méjì àti méjì ṣe wá di mẹ́rin? Mi ò bèèrè. RAID 0 ni wọ́n ti gbé e sí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá, àfi kí ẹni tó rà á fọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà.

RAID 0 a máa gé fáìlì wẹ́wẹ́, á ju ègé kan sí díìsìkì kìíní, á ju èyí tó tẹ̀ lé e sí èkejì, á tún padà sí kìíní, bí ẹni ń ta ọmọ ayò sínú ilé ayò. Ó yá lọ́wọ́, torí díìsìkì méjì ló ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, ìlàjì tó kù lórí èkejì kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹ fa lẹ́tà kan ya sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa mú ègé kan, kí ẹ máa sọ ègé kan nù, kí ẹ wá gbìyànjú láti kà á. Láti 1 dé 5 ni ìwé ọdún 1988 yẹn ka àwọn ìpele rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi òdo kún un, òdo ọ̀hún kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ: iye àlékún tí ẹ ní nìyẹn, òdo.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀kan nínú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ká-ká-ká. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, ó ti dákẹ́. Ìgbéyàwó mẹ́ta àti ìsìnkú arúgbó kan ló wà níbẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí tí a kò tíì nu kaàdì kámẹ́rà ìgbéyàwó méjì. Ti ẹ̀kẹta àti ti arúgbó náà lọ ráúráú. Mo dá owó padà. Ìyá ìyàwó kò bú mi. Ó kàn wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀yin náà ò mọ̀, àbí?" Ì bá sàn kó bú mi.

Mo bá kẹ́kọ̀ọ́. Mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo ra àpótí tuntun, mo sì gbé e sí RAID 1, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dígí. Ohun tí ẹ bá kọ sí díìsìkì ọ̀tún, àpótí náà ti kọ ọ́ sí tòsì ní ìṣẹ́jú kan náà. Tẹ́rábáìtì mẹ́rin lọ́nà méjì ni mo sanwó fún, mẹ́rin péré ni mo rí lò. Mo ní kò burú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi sùn dáadáa.

Ní Ojúde Ọba ọdún 2019, ìdílé kan gbé iṣẹ́ fún mi. Bàbá wọn máa gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀, ó ti dàgbà, wọ́n sì fẹ́ kí n tẹ̀ lé e láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń de ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ẹṣin lọ́rùn nínú ọgbà ilé wọn. Mo tẹ̀ lé e. Mo ya ọwọ́ bàbá náà lára ìjánu, mo ya ìbọn tí wọ́n ń yìn tí ẹṣin fi fò sókè, mo ya bó ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹṣin náà rọlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ iṣẹ́ mi kan (ó ti lọ, kì í ṣe èyí tó ní kí n fi yín sílẹ̀) fẹ́ wá àyè fún iṣẹ́ mìíràn. Ó pa fódà kan rẹ́ tó rò pé ti ọdún tó kọjá ni, ó sì kó ohun tó wà ní ibi ìdalẹ̀nùsí kọ̀ǹpútà dànù pẹ̀lú.

Dígí náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìkù síbì kan. Bó ṣe ń pa á rẹ́ lọ́tùn-ún ló ń pa á rẹ́ lósì. Kò sí iná pupa, kò sí ariwo. Díìsìkì méjèèjì ń ṣẹ́jú sí mi pẹ̀lú iná àwọ̀ ewé, ara wọn le koko. Bí ẹ bá fárí tán tí ẹ dúró síwájú dígí, ṣé irun àná lẹ ó rí níbẹ̀? Báyìí tí ẹ ti rí ni yóò fi hàn yín.

Ní 2020, Kòrónà kò jẹ́ kí Ojúde Ọba wáyé. Mi ò rójú sọ fún ìdílé náà pé kí a fi í di ẹ̀ẹ̀míì. Kí wọ́n tó tún ṣe é, bàbá ti rebi àgbà ń rè. Fọ́tò mẹ́rìnlá tí mo ti fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí WhatsApp ló kù láyé, WhatsApp sì ti sọ wọ́n di bíńtín. Nígbà tí wọ́n tẹ ọ̀kan ní ńlá fún ìsìnkú, ojú ẹṣin dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ to búlọ́ọ̀kù rẹ̀ tí wọn kò tíì rẹ́.

Akọ̀wé yín tún dárúkọ RAID 5, ó ní "ó ń fi ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ rántí ohun tó sọnù," ó sì kọjá lọ. Kò sí ìjìnlẹ̀ níbẹ̀. Ìyá mi mọ̀ ọ́n. Gàrí ni ìyá mi ń tà ní ọjà Òkè-Ajé, ó ní ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń bá a tà níbi mẹ́ta. Lálẹ́, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye òṣùwọ̀n tí ẹnì kọ̀ọ̀kan tà sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná, á wá kọ àpapọ̀ rẹ̀ sábẹ́. Ẹ jẹ́ ká ní 7, 4 àti 9 ni, àpapọ̀ wọn jẹ́ 20. Ewúrẹ́ ilé wa fẹ́ràn láti máa fi ara ha ilẹ̀kùn yẹn. Bó bá nu 4 kúrò, ẹnikẹ́ni ò ní pariwo: 20, ẹ yọ 7, ẹ yọ 9, 4 náà ti padà dé.

RAID 5 nìyẹn. Ó kéré tán, díìsìkì mẹ́ta ni, owó ẹyọ kan lẹ ó sì fi tọ́jú àpapọ̀. Bí ẹ bá ní mẹ́rin tó jẹ́ tẹ́rábáìtì mẹ́rin-mẹ́rin, méjìlá lẹ ó rí lò. Òdo àti oókan nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀, nítorí náà kì í kọ 20. Á ka àwọn oókan tó wà ní ìlà kan, bí iye wọn bá ṣe é pín sí méjì dọ́gba, á kọ òdo, bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, á kọ oókan. Èyí tó bá sọnù, á fi àwọn tó kù wá a jáde. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń kọ àpapọ̀ sí ló ya 4 àti 5 sọ́tọ̀. Ní RAID 4, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń gba gbogbo àpapọ̀, ilẹ̀kùn yẹn kì í sì í sinmi, torí ẹnikẹ́ni tó bá tajà, a gbọ́dọ̀ lọ tún un kọ. RAID 5 ń gbé e káàkiri, òní lára tèmi, ọ̀la lára tìrẹ.

Bí ewúrẹ́ bá wá nu 7 àti 4 lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? 20 yọ 9, ó ku 11, àmọ́ èló ni ti èkíní, èló ni ti èkejì? Ó parí nìyẹn. Fún irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe RAID 6. Àpapọ̀ méjì ló ń kọ, èkejì sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ ka ti ọmọ kìíní lẹ́ẹ̀kan, ti èkejì lẹ́ẹ̀mejì, ti ẹ̀kẹta lẹ́ẹ̀mẹta: 7, 8 àti 27, ó di 42. Ní báyìí kí 7 àti 4 lọ. Àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní méjèèjì jọ jẹ́ 11. Àpapọ̀ kejì, 42 yọ 27, ó ku 15, ìyẹn nígbà tí a ti ka ti ọmọ kejì lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí 15 fi ju 11 lọ ni 4, ti ọmọ kejì nìyẹn. 7 ló kù fún èkíní. Ìṣirò inú àpótí le ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n ibi tó fi orí lé kò yàtọ̀. Mo ṣe é fún ìyá mi lórí ìwé lọ́jọ́ kan. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé ewúrẹ́ náà ni ẹ ò kúkú lè so mọ́lẹ̀?"

Ibi tó kàn ni mo fẹ́ kí àwọn oníṣòwò bíi tèmi fara balẹ̀ kà. Bí díìsìkì kan bá kú nínú RAID 5, àpótí kò ní dúró. Ó ń tiro ni, fáìlì yín ṣì ń ṣí, iṣẹ́ ń lọ, ẹ sì lè má mọ̀ fún oṣù mẹ́ta bí ẹ kì í bá wo ojú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń tiro yẹn, òdo ni àlékún yín. Bí ẹ bá ki díìsìkì tuntun bọ̀ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́, ìyẹn ni pé á ka gbogbo àwọn tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó lè yọ ohun tó sọnù jáde. Díìsìkì tẹ́rábáìtì mẹ́rin tó ń kọ mẹ́gábáìtì 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí kò tilẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn, á ju wákàtí méje lọ. Wákàtí méje, ní Ìjẹ̀bú-Òde! Iná ta ni?

Àwọn tó kù ọ̀hún sì ti darúgbó. Ọjọ́ kan náà la rà wọ́n, inú páálí kan náà ni wọ́n ti jáde, wákàtí tí wọ́n ti fi yí dọ́gba. Regbérégbé, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ni wọ́n. Ní Ìjẹ̀bú a mọ̀ pé bí wọ́n bá ti sin ẹnì kan nínú ẹgbẹ́, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Ìgbà tí iṣẹ́ le jù lọ fún wọn láyé wọn, ìgbà àtúnkọ́ yìí, ni òmíràn lè ṣubú. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mi ò tún ra díìsìkì méjì nínú páálí kan mọ́.

Bí iná bá sì lọ lójijì, ó ní ihò kan tó ń dá sílẹ̀. Ká ní àpótí ti sọ 4 di 6, kó tó sáré lọ sọ 20 di 22, NEPA mú iná. Nígbà tí iná bá dé, àpapọ̀ àná ló wà lábẹ́ ọjà òní, kò sì sí ẹni tó mọ̀, àfi ọjọ́ tí díìsìkì kan bá kú tí àpapọ̀ èké yẹn sì dá nǹkan èké padà fún yín. Torí rẹ̀ ni wọ́n fi ń so bátìrì mọ́ àwọn káàdì RAID olówó ńlá. Àwọn aládùúgbò mi ní fáàrí ni mo fi ínfátà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ṣe. Ẹ bá mi kí wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò le. Bí wọ́n bá ní "hot spare", táyà ìpààrọ̀ ni, àmọ́ èyí a máa fò bọ́ sí ìdí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. "Hot swap" ni kí ẹ yọ èyí tó kú láìpa ẹ̀rọ. RAID 10, wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe dígí méjì-méjì, wọ́n á wá ta fáìlì sórí wọn bí ayò. Mẹ́rin ni ó kéré tán, ìlàjì owó yín á sì lọ sínú dígí. "JBOD" ni kí wọ́n kó díìsìkì sínú àpótí kan láì fún wọn ní iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kankan, bí ẹrù tí wọ́n dà sílẹ̀ ní gáréèjì.

Mo ṣì ń lo RAID 1 ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bú u. Ní ọdún tó kọjá, díìsìkì kan kú lọ́jọ́ tí mo ní ìgbéyàwó méjì láti tẹ̀, mo sì ṣiṣẹ́ dé alẹ́ láìsí ìdádúró. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ní díìsìkì méjì mìíràn tí kò sí nínú àpótí kankan. Ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, wọn kì í so ó mọ́ iná. Èkejì wà nínú àpótí aṣọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta. Ní ìparí oṣù mo máa ń gbé ti inú dúrọ́ọ̀ lọ bá a, màá sì gbé ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀, mo ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọjọ́ sí wọn lára. Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń ṣí fáìlì mẹ́ta tí mo bá ṣèèṣì fọwọ́ bà, kí n rí i pé wọ́n ṣí. Èyí ni èmi ń pè ní ẹ̀dà. Bí mo bá pa nǹkan rẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, ti Abẹ́òkúta kò gbọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ tún gbólóhùn yẹn ṣe lójú ìwé kan náà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi Yorùbá pè é, àgbájọ díìsìkì dùn ún pè, dígí náà dára fún RAID 1. Kí ẹ ṣáà má pe èyíkéyìí nínú wọn ní ẹ̀dà.

Bí akọ̀wé yín bá ń kọjá ní ìlú wa, kó yà lọ́dọ̀ mi. Díìsìkì tó dún ká-ká-ká yẹn wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, mo ti tú ideri rẹ̀, inú rẹ̀ ń dán bíi dígí gidi. Òun ni àwọn ìyàwó fi ń wo tìróò ojú wọn kí n tó yà wọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Onífọ́tò,
Ìjẹ̀bú-Òde.